Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Dán Koríko Wò

Nínú iṣẹ́ táìlì tí mo fi ń jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ lójú, oríyìn kan wà tó máa ń dùn mọ́ wa ju owó lọ. Kí onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wo ilẹ̀ tí a tẹ́, kí ó sì sọ pé, "Mo ń rí eyín ara mi níbẹ̀." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti parí, a lè fọ ọwọ́. Mo ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rí eyín wọn, láti Oníru títí dé Ajah. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo gbà pé ilẹ̀ tó bá dán ni ilẹ̀ tó dára, àfi ìgbà tí èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú.

Ọmọ rẹ̀ ló ni ilé náà, ní Thomas Estate ní Ajah. Nígbà tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ó ní èmi ni kí n wá tẹ́ táìlì rẹ̀, nítorí ọmọ tó mọ ẹbí ni. Lẹ́yìn ilé, wọ́n gbẹ́ púùlù kékeré kan, wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n, wọ́n sì fi táìlì aláwọ̀ ojú ọ̀run bo inú rẹ̀ kí omi lè máa parọ́ pé ọ̀run wà nínú òun. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé táìlì olójú ṣákaṣàka ni kí a tẹ́ yí púùlù ká. Mo wo ìwé náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní táìlì ilé ìtọ̀ ilé ìwé nìyẹn, kì í ṣe ti ilé ọmọ wa. Èmi fúnra mi ni mo lọ yan èyí tó ń kọ mànà.

"Ọ́ńkù," ni ọmọ náà wí lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, "kò ní máa yọ̀ báyìí?"

"Ẹni tó bá mọ ìrìn kì í yọ̀," ni mo dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìrìn. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé wa dé ọjà Ìwó ni, pẹ̀lú ẹrù lórí, tí kì í fi ọwọ́ di ẹrù náà mú. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ mú un wá sí Ajah kó lè máa simi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó jáde lọ ká aṣọ lórí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù. Ẹsẹ̀ kan lọ síhìn-ín, èkejì lọ sọ́hùn-ún. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n fi irin sí i nílé ìwòsàn, ó sì pa dà wálé pẹ̀lú ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń tì síwájú bí ẹni ń ti ọmọlanke.

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ táìlì sí mi. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá bú mi, màá ti wá àwáwí. Ẹni tí wọn kò bú, kí ló fẹ́ wí?

Nọ́ọ̀sì kan ń wá sílé láti na ẹsẹ̀ náà fún un. Ó sọ fún wa pé ohun tó máa yára mú ẹsẹ̀ bọ̀ sípò ni kí màmá máa rìn nínú omi láràárọ̀, nítorí omi á bá a gbé ara rẹ̀. Ó ní omi kúkú wà nílé. Ó tún ní kí a má jẹ́ kó pẹ́, nítorí bí òjò ọdún yẹn bá fi dá láìjẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè gan síbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọmọlanke yẹn ni yóò máa tì títí ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ibi tó gbé mi ṣubú yẹn?" ni ó wí. "N kò ní gbé ẹsẹ̀ lé e mọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí àga mi." Ó sì jókòó lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò rí i mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ èmi àti omi níbí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n máa tó fi iṣẹ́ rán. Lábúlé wa, ilé ìwé wà ní òdìkejì odò. Odò náà kò tó odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adìyẹ lè rìn ín kọjá kí omi má kan ìyẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tèmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti dé etí rẹ̀, n ó jókòó sílẹ̀ kí wọ́n má bàa tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló máa ń pọ̀n mí kọjá láràárọ̀. Á ní, "Má wo omi. Wo orí igi." Mo wo orí igi fún ọdún mẹ́rin gbáko. Nígbà tí yóò fi di ìwé kẹrin, mo ti ga débi pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nínú omi tí mo ń sá fún, bẹ́ẹ̀ mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún yẹn ló lọ sílé ọkọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo rin dé etí odò, mo dúró díẹ̀, mo pa dà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ní àìsówó ló dá àwọn dúró. Bàbá mi ní owó ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn tí màá gùn ni n kò ní. Bí ìkọ̀wé mi yìí bá ń mẹ́hẹ níbì kan, ẹ bá mi bi odò yẹn.

Nígbà tí mo ń tẹ́ táìlì ẹ̀gbẹ́ púùlù, wọn kò tíì da omi sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n da omi sí i tán, n kò sún mọ́ ọn rí. Bí mo bá lọ kí wọn, ògiri ni mo máa ń fẹ̀yìn tì, n ó ní òjìji ibẹ̀ tutù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá gbèrò pé kí a fi koríko oníke bo ilẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ síwájú àwọn ilé oúnjẹ ní Lẹ́kkí Phase 1. Ó fẹ́ pe àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ní rárá.

"Àbúrò mi ni kó lọ yàn án."

"Màámi, Ọ́ńkù kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí."

"Ẹni tó yan àkọ́kọ́ ni kó yan èkejì. Bó bá ti yàn án, tó sì tẹ́ ẹ, màá dìde lórí àga yìí, màá lọ sínú omi yín. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ fi koríko yín sílẹ̀."

Ọmọ náà wò mí, mo wo ilẹ̀. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá ìyà ló fi jẹ mí tàbí àforíjì ló fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjò kò ní pẹ́ẹ́ dá, àti pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ sọ́wọ́ mi.

Létí títì, kí ẹ tó dé Jakande bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ajah, àwọn kan wà tí wọ́n ń ta koríko oníke. Wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á gbé e nàró, ọkọ̀ á sì máa fọ́n eruku sí i lórí. Mo wọ ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó fi pẹ́ńsù há etí.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ti pápá bọ́ọ̀lù ni, àbí ti ilé?"

"Ti ẹ̀gbẹ́ púùlù."

"Ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ níbẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀kan jáde fún mi. Koríko náà ga, ó rọ̀, ó ń tàn bí ewé àlùbọ́sà tí òjò pa láàárọ̀. Mo fi ọwọ́ pa á. Kí n má parọ́, ọkàn mi ti lọ síbẹ̀.

"Ẹ wo bó ṣe ń dán," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí. Mo yọ ọwọ́ bí ẹni tí iná jó. Mo ní kó fún mi ní èyí tí kò dán. Ó wò mí bí ẹni tó wọ ilé aláṣọ tó ní àkísà ni òun wá rà, ṣùgbọ́n ó mú èyí tó kúrú wá, tí irun rẹ̀ le, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi koríko tí ewúrẹ́ ti jẹ lápá kan. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn mí, ó sì da omi láti inú ike sí i. Omi náà kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Èyí tí kò bá ní ihò," ni ó wí, "omi á sùn síbẹ̀, á máa rùn. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mú ínfíìlì pẹ̀lú rẹ̀."

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tí wọ́n ń dà sí ìdí irun rẹ̀, Bàbá. Òun ló ń mú un nàró, òun náà ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa ká. Koríko tí kò bá ní nǹkan nídìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti sùn nìyẹn."

Ó gbé abọ́ méjì síwájú mi. Nínú ọ̀kan, táyà àtijọ́ ni wọ́n lọ̀, ó dúdú, ó dà bíi gàrí tó jóná. Nínú èkejì, yanrìn fífọ̀ ni, ó funfun, hóró rẹ̀ sì rí róbótó bí ẹyin ẹja.

"Ta ló máa rìn lórí rẹ̀ gan-an?" ni ó bi mí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un. N kò sọ ẹni tó tẹ́ táìlì.

"Á, ẹ mú rọ́bà," ni ó wí. "Ó rọ̀. Bí màmá bá tiẹ̀ ṣubú, bíi pé wọ́n ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún na ìka sí yanrìn náà. "Èyí ńkọ́? Ẹ fẹ́ ta yanrìn fún mi, ní Lẹ́kkí níbí? Yanrìn tí atẹ́gùn ń gbé sínú ọbẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Wọ́n ń ta omi fún yín náà, Bàbá, òkun sì wà lọ́hùn-ún."

Ó gé koríko kúkúrú náà sí mẹ́ta fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹní ìkírun, ó sì bù díẹ̀díẹ̀ nínú rọ́bà àti yanrìn. Mo gbé wọn dé ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo tẹ́ wọn sórí táìlì nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tó jìnnà sí omi jù. Mo da rọ́bà sí ìkínní, mo da yanrìn funfun sí èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, mo da yanrìn tí mo bù nílẹ̀ ọgbà, nítorí mo ṣì fẹ́ fi obìnrin yẹn hàn pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n ń rà.

Mo dúró di ọ̀sán gangan, ìgbà tí oòrùn Ajah máa ń bínú. Mo bọ́ bàtà. Mo da omi sí wọn, mo rìn, mo sáré, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń rí ara mi nínú gíláàsì fèrèsé, àgbàlagbà tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ẹní mẹ́ta. Kò sí èyí tó yọ̀. Mo tún jẹ́ kí oòrùn gbẹ wọ́n, mo dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí. Kò sí èyí tó gbóná. Rọ́bà ló rọ̀ jù. Mo kígbe wọlé pé iṣẹ́ ti parí, rọ́bà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò mí láti orí àga rẹ̀ nínú ilé.

"Ṣé ijó ni?" ni ó wí.

"Mò ń dán an wò ni, Àǹtí mi."

"Ẹsẹ̀ ta lo fi dán an wò?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Gbé e sókè kí n rí i."

Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi sókè níwájú rẹ̀ bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ kan bàtà fún. Ó wò ó, ó mi orí. "Ẹsẹ̀ nìyí? Ohun tí símẹ́ǹtì ti ń jẹ láti ìgbà tó o ti dé Èkó? Bó o bá tẹ iná, iná náà ló máa sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Gbé àga mi síta."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kò tíì ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo gbé àga náà sẹ́nu ọ̀nà, èmi àti ọmọ rẹ̀ sì mú un jókòó síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kan táìlì. Ó na ẹsẹ̀ tó sàn sórí rọ́bà. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú ojú kan tó fi fà á pa dà.

"Ó ń jó," ni ó wí.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kàn án, nítorí àtẹ́lẹwọ́ mi náà kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ó ń jó lóòótọ́. Ó tún ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tó ń lẹ táyà. Àwọn hóró dúdú kan ti bá omi tí mo dà ṣàn lọ sí ọ̀nà púùlù.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó ṣubú lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ojú ara mi ni mo fi yan ilẹ̀ fún un. Nígbà kejì, ẹsẹ̀ ara mi. Bí mo ṣe ń ronú nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé nínú gbogbo ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò béèrè rí pé irú ẹsẹ̀ wo ló máa tẹ ilẹ̀ yìí. Onílé ní ojú, ojú náà la máa ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹsẹ̀ kò ní ẹnu tó fi ń yin oníṣẹ́. Ìgbà tó bá kán nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ló ń dán an wò. Lọ́sọ̀ọ̀sán, á ní kí a gbé àga òun síta. Ó na ẹsẹ̀ sórí yanrìn funfun: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé dúró lé, bí mo bá sì ti wọ́n omi sí i, ó ń tutù. Ó na ẹsẹ̀ sórí yanrìn ọgbà mi.

"Èyí ń gún mi."

"Yanrìn ni, Àǹtí mi. Kí ló fẹ́ gúnni nínú yanrìn?"

"Bi yanrìn."

Mo bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo lọ bá bàbá kan tó ń ta yanrìn àti òkúta fún àwa oníṣẹ́ ilé. Ọmọ abúlé etí ọ̀sà ni. Àwọn bàbá rẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ èsíteètì. Ìjẹ̀bú rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ìdajì ni mo máa ń gbọ́, n ó sì fi orí mi parí ìyókù. Ó bu yanrìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì nà án sí mi pé kí èmi náà tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ó tú u ká, ó fi àfọ́kù ìkarahun hàn mí, wẹ́wẹ́, ẹnu wọn mú.

Ó ní láti inú òkun ni wọ́n ti fa yanrìn tí wọ́n fi kún ilẹ̀ ibi tí à ń gbé. Ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbẹ dénú, ìkarahun á sì máa gé irun koríko náà nídìí. Mo ní, ṣebí orí rẹ̀ náà ni gbogbo wa kọ́lé sí?

"Ó dára fún ilé láti jókòó lé," ni bàbá náà wí. "Ilé kò ní àtẹ́lẹsẹ̀."

Mo bi í bóyá ó ní èyí tó dára tó lè tà fún mi. Ó ní òun ní èyí tí màá tẹ́ sí abẹ́ koríko, òun kò ní èyí tí màá dà sí orí rẹ̀, kí n lọ ra èyí tí wọ́n fọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí oníyanrìn júwe oníyanrìn mìíràn fún ènìyàn.

Obìnrin onípẹ́ńsù rí mi lókèèrè. "Bàbá, yanrìn ọ̀fẹ́ ńkọ́?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."

"Ẹ fi se ọbẹ̀ náà."

Nígbà tí mo ra ohun gbogbo tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ pé wọ́n lè fi gúlúù lẹ koríko náà mọ́ orí táìlì, pé kí n má da ara mi láàmú. Mo rò ó wò. Gúlúù kan kò sí tí omi kì í bá sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi gbà. Bí koríko bá bò ó tán, táìlì dídán yẹn á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, á máa dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ mú òòlù.

N kò fọ́ iṣẹ́ ara mi rí. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ rọra kàn án, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé òun jáde, òun fẹ́ wò ó. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka júwe.

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó wà lábẹ́ okùn aṣọ. Òun gan-an. Fọ́ ọ dáadáa."

Mo fọ́ ọ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n rọra, kí àfọ́kù má bàa wọ̀ mí lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti òun jọ sọ ọ̀rọ̀ táìlì náà, bí a bá lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀.

Mo kó àfọ́kù dà nù, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, mo tẹ́ yanrìn bàbá lé e, mo gún un mọ́lẹ̀ títí ó fi le, mo sì jẹ́ kó rọra dagẹ̀rẹ̀ kúrò níbi púùlù. Mo tú koríko ká. Mo ń fọ́n yanrìn funfun sí i bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sẹ́ran, mo ń fi ìgbálẹ̀ gbọn irun rẹ̀ sókè kí yanrìn lè wọ ìdí rẹ̀, mo tún ń fọ́n. Iṣẹ́ náà rọrùn títí mo fi dé etí omi. Ìlà kan ṣoṣo ló kù, tí mo gbọ́dọ̀ gé, kí n sì lẹ̀ mọ́ ẹnu púùlù gan-an. Mo wo ìlà náà, ìlà náà wò mí. Mo lọ wá okùn, mo so orí kan mọ́ òpó irin okùn aṣọ, mo so èkejì mọ́ ìbàdí mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ ṣe é. Omi náà kò ju kí ó mù mí dé àyà lọ níbẹ̀.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá láti ẹnu ọ̀nà. "Ewúrẹ́ ta ni wọ́n so mọ́ ibẹ̀ yẹn?"

Ewúrẹ́ kì í dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún un, òjò ọdún náà ti ń ṣọ̀wọ́n, a ti ń rí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tí kò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró de nọ́ọ̀sì. Ó wọ aṣọ tó fẹ́ fi wọ omi, ó ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ tó sàn lé koríko, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń tẹ iṣu wò bóyá ó jinná. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ onírin lé e. Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ká wọn sínú irun koríko náà, ó dì í mú. Báyìí ló ṣe rìn dé ibi àtẹ̀gùn tó wọ inú omi, tí ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Mo mí kanlẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ mi ti parí.

"Ìwọ, jókòó," ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Àbúrò mi ló máa mú mi wọ omi."

Mo ní n kò mú ṣòkòtò kúkúrú wá.

"Odò kì í béèrè aṣọ."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pọ̀n ọ́, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí. Bó o bá gba ilẹ̀ tó o tẹ́ gbọ́, máa bọ̀ lórí rẹ̀."

Mo bọ́ bàtà, mo wá. Mo di irin àtẹ̀gùn mú ní ọwọ́ kan, mo na èkejì sí i. Mo tẹ ìkínní, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ èkejì, ó dé ojúgun. Mo gbójú sókè, mo tẹ ẹ̀kẹta, omi wọ ṣòkòtò mi, ó sì tutù dé ibi tí kò yẹ kó dé. A wà nínú rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Orí igi."

"Kò sí igi níbí."

"Mo mọ̀."

Ògiri aládùúgbò ni mò ń wò, àti wáyà tí wọ́n gbé lé e. Mo gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ení. Èjì. Ẹsẹ̀ tó máa ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, omi gbé e fún un bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ó ń lọ síwájú. Ó rìn dé ògiri òdìkejì, ó fi ọwọ́ kàn án, ó yí pa dà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé àtẹ̀gùn, ó ní, "Tú ọwọ́ mi díẹ̀. Ṣé o fẹ́ kán an mọ́ ìbàdí ni?" Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti jáwọ́ lára mi tipẹ́, àti pé èmi ni mo di òun mú. Ẹni tó bá yọjú sí wa lórí ògiri, èmi ni yóò pè ní aláìsàn.

A rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a jáde, ó rin orí koríko pa dà, omi ń kán lára wa, yanrìn ń mu ún. Mo wẹ̀yìn wò, n kò rí ipasẹ̀ kankan. Ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ó nu hóró yanrìn mélòó kan kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì wo ilẹ̀ tí mo tẹ́ láti òpin kan dé òpin kejì.

"Mo wò ó títí," ni ó wí, "n kò rí eyín mi níbẹ̀."

Ó fẹ́ wọlé. Mo ní kó dúró. Nínú ilé, táìlì mi àtijọ́ ni, ó ń kọ mànà, ṣòkòtò mi sì ti kán omi sí i. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo kúnlẹ̀, mo nu iwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, mo sún sẹ́yìn, mo tún nu iwájú rẹ̀. Báyìí la ṣe lọ dé ibi àga rẹ̀. Mo ń rí ojú ara mi nínú ilẹ̀ náà ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò.